Nígbà Tí Màmá Bẹ̀rẹ̀ sí í Fúyẹ́

Èémí Màmá ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí n tó rí wọn. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti yàrá wọn sí pálọ̀, ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, èémí yẹn á ti ṣáájú wọn dé ọ̀dọ̀ wa, bí ti ẹni tó fi orí ru ẹrù láti Ìkòtún wá sí Ìgàndó. Wọ́n á jókòó, àga á ké, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì pa orúnkún, wọ́n á wá sọ pé, "Alihamudu lilahi," bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ìyá ọkọ mi ni Màmá tí mò ń sọ yìí. Lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ mi ní kò bójú mu kí ìyá òun máa dá gbé, ló bá lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ wa nílé tí a háyà ní Ìgàndó. Ìyàwó tuntun ṣì ni mí nígbà yẹn, mò ń ṣe tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì gbà pé kò sí ìṣòro tí ìwé kíkà ò lè yanjú.

Ẹni tó bá mọ Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló lè sọ bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀. Aṣọ àǹkárá ni wọ́n ń tà, wọn kì í sì í jókòó sójú kan tà á. Wọ́n á di aṣọ lẹ́rù, wọ́n á gbé e rù, wọ́n á máa ná ọjà àwọn abúlé kiri, lónìí ibí, lọ́la ọ̀hún. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó na ọrùn bí ẹni tí ẹrù ṣì wà lórí ẹ̀. Òun ni Màmá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Èkó, a ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí wọ́n bá mú ìgbálẹ̀, màá gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ta aṣọ díẹ̀ níwájú ilé, ọkọ mi á ní, "Màmá, kí ni wọ́n máa pè mí? Ẹ sinmi, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe ti tó." A ra àga onítìmùtìmù kan fún wọn, a gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é. Àga yẹn ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n.

Láàárọ̀, wọ́n á mu tíì tí mílíìkì ki nínú ẹ̀, wọ́n á máa ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ kí aláàkàrà tó kọjá. Lọ́sàn-án, ìrẹsì. Lẹ́yìn Aláásárì, míníràlì tútù kan. Lẹ́yìn Ìṣáì, ẹ̀bà tí wọ́n fi ìgbakọ gbé kalẹ̀ bí òkè, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì lọ sùn. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ebi ló ń pa Màmá. Ọjọ́ ló ń gùn jù lójú wọn, oúnjẹ ló sì ń bá wọn gé e sí wẹ́wẹ́. Àwọn ará àdúgbò ò mọ èyí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọrùn Màmá ti ń ká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti ń dán. Wọ́n á ní, "Èkó ti gba Màmá o. Ìyàwó yìí ń tọ́jú ìyá ọkọ ẹ̀." Inú mi á dùn. Mo gba ìyìn yẹn, mo fi wé gèlè.

Orúnkún ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́. Ó di pé Màmá ò lè kúnlẹ̀ kírun mọ́. Wọ́n ní kí n gbé àga oníke kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun, tó bá tó ìgbà tó yẹ kí wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n á kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ká ẹní wọn, wọ́n wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó ti pẹ́ tí iwájú orí mi ti kan ilẹ̀ kẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kú sórí àga." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ò ní í kú." Irú ìdáhùn tí ọmọdé máa ń fún àgbà nìyẹn.

Nígbà tí òòyì wá kọ́ wọn níbi aṣálátù lọ́jọ́ Sunday kan, tí àwọn obìnrin fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn wálé, a lọ sílé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì tó wò wọ́n jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n. Ó ní, "Màmá, ìfúnpá yín ga púpọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín náà ti fẹ́ máa yọjú. Oògùn wà, ẹ ó máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹran ara yìí gbọ́dọ̀ dín kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oògùn nìkan ò ní í tó." Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó, ẹ má kánjú o. Nǹkan kékeré kan lẹ́ẹ̀kan ni. Tí ìyẹn bá ti mọ́ wọn lára, ẹ fi òmíràn kún un."

Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ àyàfi èyí tó ṣe pàtàkì. Ọjọ́ kejì gan-an ni mo kó mílíìkì, ṣúgà àti míníràlì kúrò nílé. Mo fi ẹ̀fọ́ tí kò lépo se ọbẹ̀. Mo ti búrẹ́dì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ síbi iṣẹ́. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ilé ìdáná, mo kọ ohun tí Màmá gbọ́dọ̀ jẹ àti èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ sí i, bí ẹni tó ń kọ òfin fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Kò pẹ́ tí mo fi bá èérún búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń pe oníbúrẹ́dì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Màmá sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, mo ti jẹun nílé bàbá mi, mo ti jẹun nílé ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó ti oúnjẹ mọ́ mi rí." Wọn ò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo ya ìwé ara ògiri, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sára kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé tíì síwájú wọn bí wọ́n ṣe máa ń mu ún tẹ́lẹ̀, mo wá jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ní, "Màmá, nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ, èwo lẹ lè fi sílẹ̀ tí kò ní í dùn yín?"

Wọ́n wo ife tíì náà títí. Wọ́n ní, "Kóró ṣúgà kan."

"Ẹyọ kan péré?"

"Ẹyọ kan náà ni mo lè fi sílẹ̀ lónìí. Ṣé o fẹ́ kí n purọ́ fún ẹ ni?"

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n yọ kóró ṣúgà kan, nígbà tí ahọ́n wọn ti gbàgbé ẹ̀, wọ́n tún fúnra wọn yọ òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, a pa abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà tì, a mú kékeré kan tó ní òdòdó létí, ẹ̀bà sì ń kún inú ẹ̀ débi pé ojú ò mọ̀ pé ó ti dín kù. Lẹ́yìn náà ni a gbé oúnjẹ alẹ́ wá síwájú Mọ̀gáríbì. Èyí le díẹ̀, torí ọjọ́ wọn a máa gùn sí i lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọwọ́ mọ ojúlówó aṣọ. Omi tútù rọ́pò míníràlì, àyàfi lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n ní àwọn ò lè fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà fún wọn.

Ìrìn ló wá kù. Lẹ́yìn Àsùbáà, nígbà tí òpópónà wa ṣì tutù, tí kẹ̀kẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í han, màá di ọwọ́ wọn mú, a ó rìn dé géètì, a ó sì padà. Ó kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń fẹ́ kí a lọ síwájú, wọ́n á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Fi mí sílẹ̀." Nígbà tó yá, a dé ìdí tìránfọ́mà. Nígbà tó tún yá, a dé ibi tí àwọn aláṣọ funfun kan ti ní ilé àdúrà. A máa ń pàdé wọn tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ìsìn, láìwọ bàtà, nínú ẹrẹ̀ pupa tí òjò ti pò. Màmá á kí wọn, wọ́n á dá wọn lóhùn, àwa náà á yíjú padà sílé. Ọ̀nà yẹn ni mo ti mọ Màmá dáadáa. Bí a ṣe ń rìn ni wọ́n ń ka ọjà tí wọ́n ti ná sí mi létí, oníbàárà tó lawọ́ àti èyí tó máa ń fa aṣọ bí ẹni tó ń fa etí ewúrẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbàgbé orúnkún. Mi ò ní ìyá mọ́ nígbà yẹn. Mo lè sọ pé lójú ọ̀nà tìránfọ́mà ni mo ti tún ní òmíràn.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Èémí kọ́kọ́ rọlẹ̀. Ìró bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn po ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ọ̀sán Jímọ̀ kan, mo dé láti ibi iṣẹ́, mi ò gbọ́ ohùn kankan nínú yàrá Màmá. Ẹ̀rù bà mí, mo ti ilẹ̀kùn díẹ̀. Àga oníke wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá wà lórí ẹní, wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo fẹ́ pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n máa dìde, wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n dìde. Mo fa ilẹ̀kùn padà jẹ́jẹ́, mo lọ dúró sílé ìdáná. Nígbà tí wọ́n jáde, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, míníràlì Jímọ̀ mi dà?" Mo gbé e fún wọn. Bí mo bá ní kí n ka ọjọ́ tó dùn jù nínú ìgbéyàwó mi, ọjọ́ yẹn kò ní í gbẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ò sinmi. Àwọn tó ń yìn wá nígbà tí ara Màmá ń wú, àwọn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá ìdí ọ̀rọ̀. Èyí tó ń ta ata ní ìkòríta wa dá mi dúró, ó ní, "Tíṣà, Màmá ti gbẹ o. Ṣé kò sí nǹkan?" Níbi aṣálátù, wọ́n ní kí Màmá jáde síwájú kí àwọn ṣàdúrà fún wọn, torí irú rírù báyìí kì í ṣojú lásán. Màmá rẹ́rìn-ín sí i nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ń lọ sí aṣálátù, bùbá méjì ni wọ́n ń wọ̀ lé ara wọn, kí ara wọn lè kún lójú èèyàn. Oòrùn á máa pa wọ́n, òógùn á máa ṣàn. Mo ní, "Màmá, ẹ bọ́ ọ̀kan." Wọ́n ní, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀ jàre. Ó sàn ju ìbéèrè lọ."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń gbé ní Ìbàdàn. Òun ni àkọ́bí Màmá. Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti rí ìyá wọn kẹ́yìn, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Lọ́jọ́ tí Àǹtí wá, wọn ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Èmi àti Màmá ń bọ̀ láti ọ̀nà tìránfọ́mà, mo rí obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ilé wa. Ó wò wá, ó tún wò wá. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Àǹtí ni. Wọn ò kí mi. Wọ́n lọ bá ìyá wọn, wọ́n fọwọ́ kan egungun èjìká wọn, wọ́n ní, "Màmá, kí ló jẹ yín báyìí?"

Màmá ní, "Kò sí nǹkan tó jẹ mí. Ara mi le. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n dín ara kù, ìyàwó mi ló ń bá mi ṣe é. Wò ó, mo rìn dé ọ̀hún, mo rìn padà."

Àǹtí ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Wọ́n yíjú sí mi, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ìyàwó, ṣé oúnjẹ ò sí ní Èkó ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo mú oògùn jáde, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo sọ̀rọ̀ nípa ṣúgà, nípa abọ́ kékeré. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún létí ara mi: ìyàwó ilé tó ń ka ṣúgà fún ìyá ọkọ ẹ̀, tó gba abọ́ ńlá lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń mú arúgbó rin lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, bó bá jẹ́ irọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa fi sọ ọ́.

Ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́, a jókòó ní pálọ̀. Àǹtí ò pariwo. Ohun tí mo rò pé wọ́n máa sọ kọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n wo àbúrò wọn, omi lé sójú wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ò sí nílé. Èkó níbi iṣẹ́ lo wà nígbà yẹn. Èmi ni mò ń wẹ Bàbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ara àwọn fúyẹ́, wọ́n ní àwọn ń gbádùn ìrìn. Ọrùn wọn kọ́kọ́ yọ egungun, lẹ́yìn náà ọwọ́. Nígbà tí a máa gbé wọn sí sàréè, èèyàn méjì ló gbé wọn, kò sì wúwo lọ́wọ́ wọn. Mi ò lè tún wo èyí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń mú ìyá mi lọ."

 Mo wo ọkọ mi, kí ó sọ pé ọ̀tọ̀ ni àìsàn tó pa bàbá wọn, ọ̀tọ̀ ni èyí. Ó ń wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n." Bó ṣe sọ ọ́ tán, mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ìgbà tí mò ń bá Màmá di ẹrù ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ sọ pé ẹ ò lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, wọn ò ní í fi ipá mú yín."

Wọ́n ń ká ìró kan, wọ́n ká a tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Tí mo bá kọ̀, wọ́n á ní o ti fi nǹkan so mí mọ́lẹ̀. Orúkọ yẹn ò ní í kúrò lára ẹ títí ọmọ rẹ máa fi dàgbà. Jẹ́ kí n lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tí ọkàn ọmọ mi bá balẹ̀, màá padà wá." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣebí ẹsẹ̀ mi ni mo máa gbé lọ. Ọ̀nà wà ní Ìbàdàn náà."

Lóòótọ́, ọ̀nà wà ní Ìbàdàn. Mo máa ń pè wọ́n láràárọ̀ kí n tó wọ kíláàsì. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń rìn yí ilé po. Nígbà tó yá, wọ́n ní Àǹtí ní kí àwọn sinmi, torí àwọn aládùúgbò ti ń bèèrè ìdí tí arúgbó fi ń rìn káàkiri bí ẹni tí kò lọ́mọ. Wọ́n ní Àǹtí ń tọ́jú àwọn gan-an: iyán lọ́sàn-án, ẹran lórí ẹran, mọ́ọ̀tì tí wọ́n po mílíìkì mọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Mo bèèrè oògùn. Wọ́n ní àwọn ń lò ó, àfi tó bá tán tí Àǹtí ò tíì ráyè ra òmíràn, àti pé Àǹtí ní, pẹ̀lú bí ara àwọn ṣe ti ń dán padà yìí, kí ni oògùn ń wá? Mo sọ fún ọkọ mi. Ó pe Ìbàdàn, ó bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, nígbà tó jáde, ó ní, "Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́." Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ di oṣù. Bí mo bá bèèrè ọjọ́ tí Màmá máa padà, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ò tíì sọ." Èémí wọn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú ọ̀rọ̀ wọn lórí fóònù. Ó dé ibì kan, mi ò bèèrè mọ́, torí mo gbọ́ pé ìbéèrè mi ń ni wọ́n lára.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló dá wọn wólẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé Àǹtí. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn ti kú, ẹnu wọn sì ti wọ́. Wọ́n dá mi mọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ìka mi mú, wọ́n ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan, mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí di òní. Àǹtí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ń fi ṣíbí fún wọn ní ògì. Wọn ò sùn, aṣọ ọrùn wọn ti dọ̀tí, wọ́n ń nu ẹnu ìyá wọn bí ẹni tó ń nu ẹyin. Mo ti di gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún wọn láti Ìgàndó. Bí mo ṣe rí wọn báyẹn, mi ò rí ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún.

Màmá lo oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó kú. Láàárọ̀ ni wọ́n kú, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a sin wọ́n. Mo wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n. Wọ́n wúwo. A pọ̀ díẹ̀ kí a tó lè yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn àgbà tó ń kọ́ wa bí a ṣe máa ṣe é ń mí lókè lókè. Nígbà tí a ń fi aṣọ funfun wé wọn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kọjú sí Àǹtí, ó sì sọ ọ́ tinútinú, láti fi tù wọ́n nínú. Ó ní, "Wọn ò rù rárá. Tó o bá rí ara wọn, wàá mọ̀ pé wọ́n rí ìtọ́jú. O ṣe dáadáa, ọmọ dáadáa ni ẹ́." Àǹtí bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n rí dì mú lọ́jọ́ náà, mo sì rí i bí wọ́n ṣe dì í mú. Mo bomi sí ọwọ́ mi. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ báyìí. Ìgàndó ṣì ni a wà, a kàn ti kó kúrò nílé yẹn. Èmi àti ọkọ mi ò jà lórí ọ̀rọ̀ náà rí, bóyá ìjà ìbá tilẹ̀ sàn. Lọ́jọ́ kan ṣáá, láìjẹ́ pé a ń sọ̀rọ̀ Màmá, ó ní, "Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn." Mo ní, "Ó yẹ." A sì ń bá oúnjẹ wa lọ. Àǹtí máa ń pè mí lọ́dún, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ìyá wọn ì bá ṣì wà láyé. Ta ló mọ̀? A rí tàrùn ṣe, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ohun kan tí mo mọ̀ ni pé gbogbo wa la fẹ́ràn obìnrin náà, ìfẹ́ náà sì ni oníkálukú wa fi gbé wọn lọ sí ibi tó wù ú, àfi ibi tó wu Màmá fúnra wọn.

Obìnrin kan wà ní òpópónà wa báyìí, oníṣòwò ni, ó sanra púpọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé. Láti bí oṣù mélòó kan, mo ń rí i láàárọ̀ tó ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò sì yára. Ara ẹ̀ ti ń fọ́n. Mo gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń dá a dúró, tí wọ́n ń bi í bóyá ọkọ ẹ̀ ti lé e ni tàbí àìsàn ló ń ṣe é, mo sì rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Mi ò mọ̀ ọ́n dé ibi tí mo lè máa bá a sọ ìtàn. Bó bá ti dé iwájú ilé wa, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Òun náà á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Mi ò ní í sọ̀rọ̀ kankan nípa ara ẹ̀. Á máa lọ, èmi náà á wọlé.